Ará Ìkòròdú, ẹ lọ sí míìtì ná kẹ́ ẹ tó náwó sára mọ́tò yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tẹ́ ẹ ti ń wo ríìmù 18 íǹṣì lórí Instagram láti àárọ̀, ẹ rọra ná. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ni kò ní fẹ́ gbọ́ ọ: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fọ mọ́tò yín bó ṣe wà yẹn, ẹ da epo sí i, ẹ gbé e lọ sí míìtì, ìyẹn ibi táwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ti ń pàdé. Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Tó bá jẹ́ End of Discussion, ìyẹn Honda Accord, lẹ ní, ibẹ̀ lẹ ti máa rí èyí tó jọ tiyín gẹ́lẹ́, ẹ ó rí ohun tẹ́nìkan ṣe sí i tó dáa àti ohun tẹ́lòmíì ṣe sí i tí kò fi lè gun bọ́m̀pù mọ́, ẹ ó béèrè iye tí wọ́n ná àti ẹni tó bá wọn ṣe é. Ìbéèrè kékeré yẹn ló máa yọ yín lọ́wọ́ àwọn "ọ̀gá mo lè ṣe é", tó jẹ́ pé orí mọ́tò yín ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa rí wọn? Orí Instagram àti WhatsApp ni wọ́n kún sí. Ẹ tẹ orúkọ mọ́tò yín, ẹ fi "Lagos" tì í, wọ́n á jáde: oní-Honda ní tiwọn, oní-BMW ní tiwọn, oní-Benz, oní-Golf, títí dórí àwọn bàbá tó jẹ́ pé mọ́tò àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé jáde. Wàhálà tiwa ni pé apá Lekki, Victoria Island àti Ìkẹjà ni èyí tó pọ̀ ti ń wáyé, láti Sábó débẹ̀ kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn boys wà níbí náà o, wọ́n á pàdé nílé epo tàbí ní pápá kan kí wọ́n tó jọ gbéra. Ẹ bi fọkanáísà yín, ẹ bi àwọn tó ń fọ mọ́tò ládùúgbò, ẹ bi ríwáyà. Àwọn wọ̀nyẹn mọ gbogbo mọ́tò tó bá ń dún gbùùù lágbègbè, wọ́n á tún bá yín dárúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn máa wo òkè mọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo abẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mọ́tò mẹ́wàá á balẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́, ọ̀kan wà lórí sípíríǹgì tó dáa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, èkejì sì jẹ́ pé wẹ́dà ló fi iná gé sípíríǹgì ẹ̀ nídìí igi. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà wọn. Tí inú bá ti jẹ tán tí ìta sì ṣì dà bíi tuntun, onítọ̀hún ò ṣe alignment, ìyẹn títò táyà kó dúró déédéé, ẹ má wulẹ̀ gba nọ́ńbà mẹkáníìkì ẹ̀.

Tówó bá wá wà lọ́wọ́, abẹ́ mọ́tò ló máa kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Búréèkì, búùṣì, ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, táyà. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, ta ló fẹ́ ya fọ́tò búùṣì. Àmọ́ ẹ wo ibi tá à ń gbé. Ẹni tó ń gba Ìtamágà lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, tàbí tó ń já Odògúnyán lọ sí Ṣágámù láàárín àwọn tírélà, mọ ohun tójú ṣọ́ọ̀kì ń rí. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ríìmù ńlá wúwo sórí búùṣì tó ti já, mọ́tò á máa ya sọ́tùn-ún sósì, sitíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kó mì í. Tó bá ń ṣe kọ̀ kọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bẹ́árìn ti lọ nìyẹn. Kó tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì kó mì í, tó bá tún mì, ẹ wo tie rod, irin tó so sitíárìn mọ́ táyà. Ẹ má gbàgbé omi búréèkì náà, ó máa ń fa omi mọ́ra tó bá ti pẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì léraléra tó gbóná gan-an, omi tó fà mọ́ra yẹn á di ooru, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ ṣọ̀ọ̀ tí mọ́tò ò ní dúró.

Ó yá, ríìmù. Ládípọ̀ ní Mushin lọ̀pọ̀ ń lọ, Òwòdè Onírin náà sì wà lọ́nà wa níbẹ̀ yẹn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ẹ mọ nọ́ńbà mọ́tò yín: iye ihò nọ́ọ̀tì àti bí òbìrí tí wọ́n tò yí ṣe fẹ̀ tó, èyí tí wọ́n ń pè ní PCD, bí ihò àárín ríìmù ṣe fẹ̀ tó, àti offset tó ń sọ bí ríìmù á ṣe wọnú tàbí yọ síta tó. Corolla 2003 sí 2008 jẹ́ 5×100, ìyẹn ihò márùn-ún, PCD 100 mm, ihò àárín ẹ̀ 54.1 mm. Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle jẹ́ 5×114.3, àárín 60.1. End of Discussion náà 5×114.3 ṣùgbọ́n àárín tiẹ̀ 64.1. Golf 4 jẹ́ 5×100, àárín 57.1. Benz tó pọ̀ jù 5×112, àárín 66.6.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń mú yín. Ẹni tó ń tà á máa sọ pé ihò márùn-ún ni, ihò márùn-ún ni tiyín náà, kí lẹ tún ń wọ̀n. Ríìmù Golf 4 máa wọ Corolla lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò àárín ẹ̀ fi 3 mm ju họ́ọ̀bù Corolla lọ, ìyẹn orí irin tí ríìmù ń jókòó lé, kò ní jókòó sáàárín gan-an, tẹ́ ẹ bá ti ń sáré dé 80, dé 100, sitíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ ó balance táyà títí á fi sú yín, gbígbọ̀n yẹn ò ní lọ. Òrùka kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hub ring ló ń bá a wí, ẹ ra èyí tí inú ẹ̀ bá họ́ọ̀bù mu tí ìta ẹ̀ sì bá ríìmù mu. Ti Camry sí Accord wá yàtọ̀: ihò nọ́ọ̀tì bára mu, họ́ọ̀bù Accord ló tóbi ju ihò àárín Camry lọ, kò ní wọlé rárá àfi tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, èmi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ríìmù tí màá fi gun Third Mainland. Ẹnu nọ́ọ̀tì náà ńkọ́? Nọ́ọ̀tì Honda tó bá ríìmù wá láti ilé, ẹnu ẹ̀ rí roboto, ti Toyota tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú wáṣà, ríìmù ọjà sì máa ń fẹ́ èyí tẹ́nu ẹ̀ rí ṣóńṣó. Tí ẹnu nọ́ọ̀tì ò bá bá ojú ihò mu, á le lọ́wọ́ fọkanáísà, á sì máa tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Tó bá jẹ́ ríìmù tòkúnbọ̀, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ fi ìka tọ etí inú ẹ̀ yípo, ẹ má kánjú, ibi tó bá ti wú tàbí tó rí jákujàku, wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì í níbẹ̀. Pẹ́ńtì tuntun lẹ́yìn ríìmù àlòkù, kí lẹ rò pé ó ń bò? Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ balance kó yí lójú yín, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ etí ẹ̀, tí etí yẹn bá ń jó wọlé jó jáde, ó ti tẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n yí o, torí mẹ́ta tó dáa ni wọ́n máa ń kó ṣíwájú. Owó ò gbọdọ̀ tíì kúrò lápò.

Táyà wá ni. 195/65R15 tó wà lára ọ̀pọ̀ Corolla yẹn, 195 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mílímítà, 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 15 ni ríìmù ní íǹṣì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, táyà náà látòkè dé ilẹ̀ jẹ́ bíi 634 mm. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 16, 205/55R16 á fún yín ní 632. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 17, 215/45R17 jẹ́ 625. Ẹ rí i pé ríìmù ń tóbi, rọ́bà ń tín-ín-rín, àpapọ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí, ohun tá a sì fẹ́ nìyẹn kí spidomítà má baà máa parọ́. Àmọ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ táyà 15 yẹn jẹ́ bíi 127 mm, ti 17 kò ju 97 lọ. 30 mm rọ́bà tó ń bá yín gba ihò sára ti lọ nìyẹn o. Fún ọ̀nà tiwa, 16 lèmi fọwọ́ sí. Ẹni tó ń gbé nínú Ìgbógbó tó lóun máa gbé 19 wọ Corolla, owó ẹ̀ ni, àwa la máa bá a ti mọ́tò.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà náà, kó má kàn jẹ́ pé ó ń dán, pólíìṣì ni wọ́n fi pa á. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀gbẹ́ táyà, ló ń sọ ọ́: 2319 ni pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wo àárín ihò ojú táyà bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Tí fọkanáísà bá sì ń di nọ́ọ̀tì, kó má fẹsẹ̀ gun sípánà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, Toyota ń fẹ́ bíi 103 Nm, Honda 108, ẹni tó bá ní torque wrench, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, ni kẹ́ ẹ lọ bá. Kó dì í lódìkejì-lódìkejì, kó má dì í yípo. Tẹ́ ẹ bá ti wà á tó bíi 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún un dì.

Ẹ fẹ́ kó balẹ̀? Kò burú. Ẹ mú tépù, ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé sọ́ḿpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ wá lọ wọ̀n bọ́m̀pù tó ga jù lẹ́sítéètì yín. Ìgbà tẹ́ ẹ kó èèyàn sínú mọ́tò ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n o, torí ìyàwó àtàwọn ọmọ àti àpò gàrí ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá máa kanlẹ̀. Lowering spring, ìyẹn sípíríǹgì tí wọ́n ṣe láti fi sọ mọ́tò kalẹ̀, tó bá dáa máa ń gbé mọ́tò sọ̀kalẹ̀ bíi 30 sí 40 mm, wọ́n sì ṣe é kó le ju ti ilé lọ kí ṣọ́ọ̀kì má baà máa gbá ìdí. Èyí tí wẹ́dà gé, gíga ẹ̀ nìkan ló ṣírò, tẹ́ ẹ bá gun bọ́m̀pù tí táyà ń já sílẹ̀ lódì kejì, sípíríǹgì yẹn lè yọ kúrò níbi tó jókòó sí. Iná tó fi gé e sì ti ba irin yẹn jẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ṣẹ́. Sọ́ḿpù ló sì máa ń kọ́kọ́ kan òkúta, á fọ́, ọ́ìlì á jò, ẹ ò ní tètè rí i nílẹ̀ torí òru ni, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sídìí alignment, ẹ má sùn lé e.

Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Cone filter, fílítà afẹ́fẹ́ tó rí ṣóńṣó, tó bá wà nínú ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà, ariwo lásán lẹ rà. Ẹ́ńjìnnì K24 tó wà nínú End of Discussion bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 160 horsepower láti ilé iṣẹ́, tòkúnbọ̀ tẹ́ ẹ ń wà báyìí, ta ló mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀? Plug tuntun, injector tí wọ́n fọ̀, filter tó mọ́, sensor tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tó ti sọnù padà. Yíyọ sálẹ́ńsà dànù ò fi kún nǹkan kan, LASEPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ń bá ariwo jà l'Ékòó, àwọn aládùúgbò yín náà ń sùn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bá yín yọ catalytic converter, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nídìí sálẹ́ńsà, "kí mọ́tò lè mí dáadáa", ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé e lọ. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ẹ̀, owó gidi ni wọ́n ń tà á, ẹ̀yin á máa wo iná check engine.

Iná iwájú: bọ́ọ̀bù H4 jẹ́ 60/55 W, wáyà mọ́tò ò gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ki 100 W bọ̀ ọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́. Ẹni tó bá ki HID, iná funfun tó mọ́lẹ̀ gan-an yẹn, bọnú gíláàsì tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀bù lásán, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń fọ́, ọ̀nà Ṣágámù lálẹ́ ò sì fàyè gba dírẹ́bà tírélà tí kò ríran. Tí lẹ́ńsì yín bá ti pọ́n, kí wọ́n fín in kí wọ́n pólíìṣì í, ẹ ó rí i pé iná tó mọ́lẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná búlúù tó ń ṣẹ́jú ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Ti ẹ̀rọ orin, fíyúùsì ló ṣe pàtàkì ju sípíkà lọ. Wáyà tó ń gbé iná láti bátìrì lọ sídìí ańpù lẹ́yìn, kí fíyúùsì ẹ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju bíi 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí tí wáyà yẹn bá bó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó kan irin, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba ibẹ̀ jáde, mọ́tò á jóná kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀bẹ họ wáyà náà wò kẹ́ ẹ tó sanwó, aluminiọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ní kọ́pà kún ọjà, tẹ́ ẹ bá họ ọ́ á funfun nínú. Ibi tí wọ́n bá so wáyà earth mọ́ lára mọ́tò, kí wọ́n họ pẹ́ńtì kúrò kó kan irin gidi.

Ìwé mọ́tò, kíá kíá. Gíláàsì tint ní òfin tiẹ̀ láti 1991, ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí i, orí POSSAP, ìkànnì ọlọ́pàá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé iṣẹ́ dé, wọ́n á ṣì béèrè. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́lọ̀ padà tàbí ẹ fi ọ̀rá aláwọ̀ wé e (wrap), ìwé gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tuntun wọ ìwé, torí ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wé ìwé ni. Nọ́ńbà KRD yín ẹ má fi gíláàsì dúdú bò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìbánigbófò third party tó di 15,000 náírà ní 2023 yẹn, ẹni tẹ́ ẹ gbá ló wà fún, kò ní san kọ́bọ̀ lórí ríìmù yín. Tẹ́ ẹ bá ní comprehensive, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti fi kún mọ́tò fún wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò mọ̀.

Ọjọ́ míìtì gan-an wá. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá gbogbo èèyàn ló lè wá tàbí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, bóyá wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ rọra wọlé, ẹ wá àyè síbi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, "ẹ kú ìkàlẹ̀ o", ẹ bọ àwọn àgbà ibẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń wọ ṣòkòtò péńpé níbẹ̀ ti ń ṣe mọ́tò kẹ́ ẹ tó kọ́ wíwà ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan mọ́tò ẹlòmíì láìbéèrè, ẹ má fara tì í, bẹ́líìtì yín á fá pẹ́ńtì. Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò, ẹ bo nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó gbé e sórí afẹ́fẹ́. Ẹ má máa tẹ ẹ́ńjìnnì kó máa pariwo níbi tí ò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí ilé epo lé gbogbo ẹgbẹ́ dànù nìyẹn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ ló léwu jù, èèyàn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á gbóná lára yín pé kẹ́ ẹ fi táyà kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ máa lọ sílé jẹ́jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń jọ tò lọ ní kọ́ńfọ́ì láti Ìkòròdú: ẹni tó mọ ọ̀nà jù lọ síwájú, ẹni tó ní fóònù tó kún síwájú ẹlẹ́yìn, ẹlẹ́yìn pátápátá ni ẹni tó ní irinṣẹ́, jáàkì, okùn fífà mọ́tò àti ohun tí a fi ń paná. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín, kí danfo wọ àárín tó bá fẹ́, ẹ ò jà. Ẹ má tan hazard tẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ ya. Lane BRT tó ti wà láti Mile 12 wọ Ìkòròdú láti 2015, ẹ má dé ibẹ̀, kódà tí Mile 12 bá dì pa. Ẹ tètè gbéra, ẹ sì fi ibì kan ṣe ibi ìdúró, torí mọ́tò kan kò ní ṣàìgbóná lọ́nà.

Tẹ́ ẹ bá ti ń yọjú fúngbà díẹ̀, wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wọ ẹgbẹ́. Kẹ́ ẹ tó san owó sítíkà àti t-shirt, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá kú lọ́nà: ṣé wọ́n dúró tì í, àbí wọ́n ń ya fídíò ẹ̀? Ẹ béèrè iye dues lóṣù, ẹni tó ń mú owó lọ́wọ́, àti ohun tí wọ́n fi èyí tó wọlé tẹ́lẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ hàn yín. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ẹ máa bá wọn lọ sí míìtì bẹ́ ẹ ti ń bá wọn lọ tẹ́lẹ̀ láìsan nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ má wá.